Iṣẹ́ Mi, Kíka Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Òkìtìpupa láti bi mí pé iṣẹ́ wo ló dára kéèyàn fi ayé rẹ̀ ṣe, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ tèmi. Mi ò ní tàn yín pé iṣẹ́ tí mo ṣe dùn. Ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún ni mo fi ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé, tí mo ń ka ọmọ, kí ìjọba lè mọ bí yóò ṣe pín owó fún wọn. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Èmi ni wọ́n wá ń san owó oṣù fún pé kí n ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, sọ ọ́ lójú mi pé iṣẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n tètè rọ́mọ bí. Nígbà tí mo wá bímọ, ó ní Ọlọ́run kàn fojú fò mí ni.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn. Olùkọ́ ni mí ní Àyèká, níbi tí wọ́n bí mi sí. Wọ́n ní ìṣirò mi dára, wọ́n ní kí n wá sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ní ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó kéré, ó sì ń pẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ló yẹ kí n sọ, nítorí pé títí di òní, tí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan tí kò tọ́, ohùn ọkùnrin náà ni mo máa ń gbọ́ létí.

Ọ̀gá Akintimẹ́hìn ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin gíga pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó ní, "Bọ́láńlé, rẹ́jísítà lè purọ́. Hẹdimásítà lè purọ́. Ojú rẹ nìkan ni mo fẹ́ kí ó bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ojú rẹ kò bá rí, kò sí." Ó tún ní mi ò gbọdọ̀ jẹun ní ilé ìwé kankan kí n tó kà á tán. Ó ní ẹni tó bá ti jẹ púpurù wọn, ojú rẹ̀ á máa rí ọmọ méjì níbi tí ọ̀kan wà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń lọ, tí a ó fi ebi rin gbogbo ìgbèríko, tí òórùn ọbẹ̀ ẹja á máa fẹ́ sí wa nímú láti ilé olùkọ́.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà ni ṣọ́ọ̀kì. Ọmọ tí a bá ti kà, a ó fa ìlà sí i lẹ́yìn ọwọ́, kí a má baà tún un kà. Ẹ rò pé ìyẹn tó? Àwọn hẹdimásítà ìgboro á ti gbé korobá omi sẹ́yìn kíláàsì. Kí a tó yí ẹ̀yìn padà, ọmọ ti fọwọ́, ó ti pàrọ̀ yunifọ́ọ̀mù, ó ti gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sí ilé ìwé kejì láti lọ dúró dè wá. Wọ́n ń yá ara wọn lọ́mọ bí ẹni yá ara wọn níkòkò. Bí ọmọ bá ti pọ̀ sí i ni owó máa pọ̀ sí i, ta ni kò fẹ́ owó?

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ọ̀gá mi le, a ti ka ilé ìwé méjì tán ní ìgboro, oòrùn ti mú mi, mo ti ń ro ilé. Ó kàn dúró níwájú ọmọkùnrin kan ní ilé ìwé kejì, ó bi í pé, "Kí ni orúkọ olùkọ́ rẹ?" Ọmọ náà wo àjà. Ọ̀gá nawọ́ sí bàtà rẹ̀. Okùn pupa ni wọ́n fi so ọ̀kan lára bàtà náà. Èmi náà rántí pé mo ti rí okùn pupa yẹn láàárọ̀, lẹ́sẹ̀ ọmọ kan ní ilé ìwé àkọ́kọ́. "Wọ́n rí yunifọ́ọ̀mù yá," ni ọ̀gá wí, "wọn ò rí bàtà yá." Ó ní kí a tún ilé ìwé méjèèjì kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, mo lọ sunkún. Ó tẹ̀ lé mi dé ibẹ̀, ó ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, kí n nu ojú mi kí n wá kà. Bí a ṣe tún un kà nìyẹn títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

Ẹ ò rí i pé ọkùnrin náà gbọ́n. Òun ló dá olè dúró ní ìgboro. Ṣùgbọ́n òfin tó ń dá olè dúró, tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Mo rí ìyẹn ní abúlé kan tó wà ní ẹ̀yìn Ìyànsàn, lọ́nà Akótógbò. Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Òkè-Ìgbàlà, nítorí pé ìjọ aládùúrà ló tẹ̀ ẹ́ dó, àgbẹ̀ sì ni gbogbo wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ilé ìwé alámọ̀ oníyàrá méjì ni mo bá, olùkọ́ kan ṣoṣo, àti ìwọ̀nba ọmọ tí kò kún bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n aṣọ ọmọdé kún orí okùn nílé gbogbo. Mo sì ń gbọ́ ohùn ọmọ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wòlíì wọn jáde sí mi pẹ̀lú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá Wòlíì, àwọn ọmọ ilé ìwé dà?"

"Ọma wà," ló wí. Ọma ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ọmọ. "Àwọn tí ẹ rí nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń gbọ́ àwọn yòókù nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ohùn lẹ gbọ́. Ṣé ẹ rí wọn?"

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi gan-an ló fi dá mi lóhùn, kò sì mọ̀ ọ́n rí! Ó wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọba kan láyé àtijọ́ ka ènìyàn rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn sì gbá wọn lọ. Òun kò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni ka ọma nínú ìjọ òun.

Ìbá jẹ́ wòlíì nìkan ni, ǹ bá bá a jà. Obìnrin kan ló tẹ̀ lé mi dé ibi ọ̀kadà. Ìyé Tèmi ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìyá Tèmi, ó sì jọ pé ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí wa. Mo ti sin ọma rí. Àwọn kan wá ka àwọn ọma nínú ulé mi, wọ́n kọ iye wọn sára ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tí ibà gbé méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tèmi tí mo bí lẹ́yìn wọn ló kù fún mi. Òun ni mo ṣe sọ ọ́ ní Tèmílolúwa. Mi ò lè mú un wá síta lọ́jọ́ kíkà kí ẹnì kan nawọ́ sí i, kó ní ọ̀kan."

Mo gun ọ̀kadà, mo kọ iye tí ojú mi rí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọdún kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi. Ìlànà ìpín owó ìgbà yẹn kò ṣòro: iye orí tí a bá kà ni iye owó. Ilé ìwé ìgboro tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti bá kọ́ gbọ̀ngàn, tí ó ní kànga, ọmọ ibẹ̀ pọ̀, owó ibẹ̀ pọ̀ sí i. Òkè-Ìgbàlà tí kò ní olùkọ́ kejì, tí ògiri rẹ̀ ń jẹ, ọmọ ibẹ̀ kéré lójú ìjọba, owó ibẹ̀ kò ju ti ṣọ́ọ̀kì àti ìgbálẹ̀. Ìgboro ń fi ọmọ kún ọmọ, ìgbèríko ń fi ọmọ pamọ́. Àwa sì jókòó sáàárín, a ní à ń pín in dọ́gba. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ìyé Tèmi gbé epo wá sọ́jà ní Òkìtìpupa, ó yà sí ọ́fíìsì wa. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni pé àga náà gbóná.

"Àǹtí, a ti gbààwẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn," ló wí. "Bàbá Wòlíì ní ó wà nínú Bíbélì pé bí wọ́n bá fẹ́ ka ènìyàn, olúkúlùkù á mú nǹkan wá dípò ara rẹ̀. Nǹkan ọ̀hún ni wọ́n á kà, kí àrùn má baà wọlé."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Àwọn kan ní èkùrọ́, nítorí pé èkùrọ́ ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá Wòlíì ní rárá, ṣé Ifá la fẹ́ dá ni? A wá fẹnu kò sí ọsàn. Ọsàn ló wà nínú èso tí a ń gbé síwájú pẹpẹ. Ọma kọ̀ọ̀kan á mú ọsàn kan wá. Ẹ wá ka ọsàn."

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo lọ ka ọsàn náà fúnra mi lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ sì wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ń yọjú lójú ihò. Ọsàn náà pọ̀ débi tí ó ń yí bọ́ sílẹ̀. Mo kọ iye rẹ̀, mo gbé e wá fún ọ̀gá mi bí ẹni gbé ẹbùn wá.

"Ṣé ìwọ rí àwọn ọmọ?" ló bi mí.

"Mo rí ọsàn, sà."

"Ọsàn kì í lọ sílé ìwé." Ó fa ìlà pupa sí i.

Mo jà. Mo sọ̀rọ̀ débi tí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kejì fi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Tí mo bá gba ọsàn lọ́wọ́ wọn lónìí, lọ́la hẹdimásítà kan nígboro á ra odidi apẹ̀rẹ̀ kan. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Òótọ́ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ọmọ, ó máa ń dun ènìyàn ju irọ́ lọ.

Inú òjò ọdún yẹn ni ògiri ilé ìwé Òkè-Ìgbàlà wó.

Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n olùkọ́ wọn sọ ọ́ fún mi. Ó ní òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ṣì ń rọ̀, òun sì kó kíláàsì méjèèjì jọ sí yàrá kan nítorí pé èkejì ti ń jò. Wọ́n ń kọrin ìṣirò lọ́wọ́, kí wọ́n lè borí ariwo òjò. Ó gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ènìyàn ń ya aṣọ. Ó kígbe pé kí wọ́n sá. Ọ̀pọ̀ wọn jáde. Tèmi jókòó sí ìdí ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni kò jò. Amọ̀ tútù náà bò ó láti itan dé ẹsẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ fi ọwọ́ wú u jáde, wọ́n gbé e sórí ilẹ̀kùn, wọ́n sì rìn nínú òjò yẹn dé Ìyànsàn kí wọ́n tó rí ọkọ̀. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa.

Èmi àti Ọ̀gá Akintimẹ́hìn lọ bá wọn nílé ìwòsàn. Wọ́n ti so ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́ igi, ó ti sùn. Ìyé Tèmi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sunkún. Ọ̀gá mi kí i, ó ní ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á wò ó sàn.

Obìnrin náà gbé ojú sókè wò ó. "Ẹ̀yin ni ọ̀gá tó ní ọsàn kì í lọ sílé ìwé?"

"Èmi ni."

"Mo fi ọma mi pamọ́ kí ikú má rí i. Ẹ̀yin náà ò rí i. Ògiri ló rí i."

Nígbà tí a jáde sí ìta, ọ̀gá mi jókòó sínú ọkọ̀, kò sì sọ pé kí dírẹ́bà gbéra. Ó wá ní, "Bọ́láńlé, òfin mi dára." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní, "Ohun tí a gbé lé e lórí ni kò dára. Kì í ṣe gbogbo owó ló yẹ kí a fi orí pín." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ̀wé sí Àkúrẹ́ pé kí wọ́n yí ìlànà náà padà. Kò rí ìdáhùn kó tó fẹ̀yìn tì. Kò rí ìdáhùn kó tó kú. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ lé lọ́wọ́.

Tí mo bá fẹ́ sọ ti Àkúrẹ́ fún yín, ilẹ̀ á ṣú. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n pín míìtìpáì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí dára, ẹ jẹ́ ká tún pàdé. Kí a tó pàdé, ìjọba ti yí padà. Kọmíṣánnà tuntun dé, ó ní òun kò mọ ìgbìmọ̀ kankan, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, òun náà pín míìtìpáì. Láàárín ìyẹn, ṣọ́ọ̀kì wa ti di ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ̀rọ ìṣirò ti di kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà gbé iṣẹ́ ọdún kan mì lọ́jọ́ tí iná ṣẹ́jú, kò sì pọ̀ ọ́ padà. Gbogbo irinṣẹ́ wa ń di tuntun, ìlànà nìkan ni kò yí padà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ gba owó ìpìlẹ̀ tí yóò gbé ògiri àti òrùlé dúró, tí yóò sì mú olùkọ́ wá, kí wọ́n fi kún ti ibi tó jìn àti ibi tí odò gé, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó wá fi orí pín ìyókù. Ọnárébù kan tó wá láti ìgboro dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní, "Màmá, ìka ò dọ́gba. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Òótọ́ ni, Ọnárébù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìka ló ní èékánná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá mọ òrùlé tó ń ka orí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó tó pinnu bóyá yóò jò tàbí kò ní jò, kó dìde kó sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó dìde. Síbẹ̀ wọ́n ní ẹ jẹ́ ká tún pàdé.

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì ni wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mo sọ fún yín, mo jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, mo sunkún bí mo ṣe sunkún lọ́jọ́ okùn pupa. Òkè-Ìgbàlà gba búlọ́ọ̀kù, ó gba páànù, ó gba olùkọ́ kejì. Ta sì ni olùkọ́ náà? Tèmi ni. Ó ti ka ìwé olùkọ́ tán, ó ń tiro, ó ní òun kò fẹ́ ibòmíràn. Mo ní Ọlọ́run, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n lọ sinmi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ìgboro gbọ́ pé ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó ìpìlẹ̀, ni ilé ìwé tó jẹ́ ọ̀kan láti ìgbà tí mo ti dáyé bá di méjì. Ẹ má rò pé wọ́n kọ́ òmíràn o. Wọ́n fa ọ̀dà funfun sáàárín ògiri, wọ́n ní apá ọ̀tún ni Èkíní, apá òsì ni Èkejì. Hẹdimásítà méjì ń pín agogo kan lù. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, Àkúrẹ́ bínú, wọ́n gbé àṣẹ tuntun jáde: owó ìpìlẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n ilé ìwé tí a bá fi ojú rí ọmọ rẹ̀, tí a ya àwòrán wọn, tí wọ́n sì pé iye kan, nìkan ni yóò gbà á. Èyí tí kò bá pé, wọn á pa á pọ̀ mọ́ èyí tó wà nítòsí. Èyí tó wà nítòsí Òkè-Ìgbàlà, òdìkejì odò ni. Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ wà nígboro, ẹni tí wọ́n ń nà wà lóko. Àṣẹ yìí ló mú kí èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì tún dìde.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì wa àtijọ́, Ṣeun lorúkọ rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì ló fi ń ṣiṣẹ́: á gbé e sójú ọmọ, yóò ya àwòrán rẹ̀, ẹ̀rọ náà á ka ọmọ fúnra rẹ̀, tí o bá sì ya ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò kọ̀. Ìbá wu ọ̀gá mi. Ṣeun wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

"Màmá, mo ti dé Òkè-Ìgbàlà. Ilé ìwé ẹlẹ́wà ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú ẹ̀ kò tó nǹkan. Aṣọ ọmọdé sì kún orí okùn."

Mo kan mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ṣé o gbọ́ ohùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó yà á lẹ́nu. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo wọ bàtà mi, orúnkún ń dùn mí, mo sì bá a lọ.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Tèmi ti pe gbogbo ìyá jọ sí iwájú ilé ìwé. Bàbá Wòlíì ti darúgbó, àga ni wọ́n gbé e jókòó lé, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àwọn ìyá náà kì í ṣe àwọn tí mo mọ̀ nígbà náà, ọmọ wọn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan náà ló wà lójú wọn. Ọ̀kan ní òun kò lè gbé ọma òun síwájú ẹ̀rọ. Òmíràn ní bóyá kí wọ́n ka ọsàn, bí wọ́n ti ṣe nígbà ayé àwọn ìyá àwọn. Ṣeun mi orí, ó ní ẹ̀rọ náà kò mọ ọsàn.

Tèmi tiro wá sí àárín wọn. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Nínú gbogbo ọma tí wọ́n fi pamọ́ níbí, kò sí èyí tí wọ́n fi pamọ́ tó mi. Ìyé mi wà níbẹ̀ yẹn, ẹ bi í. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Ìyé Tèmi, tí irun rẹ̀ ti funfun bíi tèmi, wo ilẹ̀.

Bàbá Wòlíì ló dá sí i nígbẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyá Oníkíkà, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?" Orúkọ tí wọ́n fún mi nílẹ̀ Ìkálẹ̀ nìyẹn.

"Èmi ni, sà."

"Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí ẹnu ènìyàn ka ọma. Ṣé ẹ̀rọ yín lẹ́nu?"

Mo wo Ṣeun. Mo ní, "Kò lẹ́nu, Bàbá. Ojú nìkan ló ní."

"Kí ọma kọ̀ọ̀kan di ọsàn mú, nígbà náà. Kí ojú ẹ̀rọ wo ọma. Kí ẹnu yín ka ọsàn."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo iye ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí ẹnì kan tó sọ ọ́. Àwọn ọmọ tò láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé dé ìdí igi ọsàn, oníkálukú di tirẹ̀ mú sí àyà. Ṣeun ń ya wọ́n, mo dúró ti i, mo ń fọwọ́ kan ọsàn, mo ń pariwo pé ọsàn kan, ọsàn méjì, ọsàn mẹ́ta. Ojú Ṣeun rí gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ti fẹ́. Ẹnu mi kò ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe parí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Àfìgbà tí Ṣeun gun orí òkìtì iyanrìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó na ẹ̀rọ náà sókè bí ẹni ń gbàdúrà, kó tó wọlé. Gbogbo abúlé dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó ní, "Màmá, ó pé. Ó tiẹ̀ lé." Ilé ìwé náà dúró síbẹ̀, wọn ò ní kọjá odò.

Àwọn ọmọ ti ń bó ọsàn jẹ nígbà tí Ìyé Tèmi wá bá mi. Ó ní ọsàn kan lọ́wọ́. Mo rò pé ó fẹ́ fún mi jẹ ni, mo sì ń dúpẹ́.

"Kì í ṣe fún jíjẹ," ló wí. "Ti Tèmi ni. Ti ọdún yẹn. Ẹ ò gbà á nígbà náà."

Ṣeun wò mí, ó fẹ́ sọ pé ẹ̀rọ ti parí, pé olùkọ́ kì í ṣe ọmọ ilé ìwé. Mo fojú pa á lẹ́nu mọ́. Tèmi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, ó ń wò wá. Mo gba ọsàn náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo gbé e sókè kí gbogbo wọn lè rí i, mo sì kà á.